Bí A Ṣe Lè Kọ Ìtàn Ayé Ọ̀la Tí Òkun Gbà, Láti Etíkun Èkó dé Àyétòrò

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìtàn tí àwọn ọ̀dọ́ olùkọ̀wé ń fún mi yẹ̀ wò, irú èyí tí wọ́n ń pè ní dystopia, ìyẹn ìtàn ayé ọ̀la tó ti dojú rú, ló máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́nà kan náà. Oòrùn ń ta bí iná, igi ti tán nínú igbó, omi ti bo ìlú mọ́lẹ̀, ìwọ̀nba ènìyàn ló ṣẹ́ kù, olórí ìkà kan sì jókòó sórí ilé gíga, ó ń wo àwọn tó ń kú lọ. Bí mo bá béèrè pé kí ló mú omi bo ìlú náà, ìdáhùn tí mo máa ń gbà ni pé àyípadà ojú ọjọ́ ni. Ìdáhùn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tó láti gbé ìtàn ró, nítorí pé àyípadà ojú ọjọ́ kò ní ọwọ́ tó fi ń buwọ́ lu ìwé àdéhùn, kò ní àpò tí owó wọ̀, kò sì bí ọmọ tí yóò jogún ohun tó ṣe. Ènìyàn ló ní gbogbo ìwọ̀nyí. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí olùkọ̀wé ṣe lè rí ọwọ́ ènìyàn nínú ìbàjẹ́ àyíká, kí ó sì fi ohun tó rí kọ́ ayé kan tí òǹkàwé yóò gbà gbọ́. Etíkun wa ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ohun gbogbo tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nílò ti wà níbẹ̀, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ yan ọgbẹ́ kan, kí ẹ wá ọwọ́ tó dá a

Ìyọnu àyíká pọ̀ ní ilẹ̀ wa: ọ̀dá wà, igbó tí wọ́n ń gé fún èédú wà, epo rọ̀bì tó ń bo omi àwọn apẹja mọ́lẹ̀ wà pẹ̀lú. Ìtàn tó bá fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ kì í lè ro ẹyọ kan já. Ẹ yan ẹyọ kan ní ibì kan tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ ara yín tẹ̀, kí ẹ wá máa tọ ipa rẹ̀ padà sẹ́yìn títí ẹ óò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ pàṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká tọ ipa ti Bar Beach, etíkun Victoria Island ní Èkó. Láyé àtijọ́, òkìtì iyanrìn tó wà lábẹ́ omi ní ẹnu ọ̀nà ọ̀sà Èkó kì í jẹ́ kí ọkọ̀ òkun ńlá wọlé. Ìjọba amúnisìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta ṣe ògiri wọ inú òkun ní ọdún 1908 kí ẹnu ọ̀nà náà lè jìn kí ó sì dúró sójú kan. Iṣẹ́ náà yọrí. Ọkọ̀ ńlá wọlé, èbúté gbòòrò, Èkó sì di ìlú ajé tí gbogbo wa mọ̀. Ṣùgbọ́n iyanrìn etíkun wa kì í jókòó. Ìgbì òkun ń gbé e láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn láti ọdún dé ọdún, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ lọ sí apá kan. Nígbà tí ògiri òkúta dí i lọ́nà, iyanrìn kóra jọ sí apá ìwọ̀ oòrùn, Bar Beach tó wà ní apá ìlà oòrùn kò sì rí tuntun gbà mọ́. Òkun ń kó èyí tó wà níbẹ̀ lọ, kò sì sí ohun tó ń rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni omi fi ń jẹ ilẹ̀ Victoria Island lẹ́yìn náà, tí ìjọba kan ń tẹ̀ lé òmíràn, tí olúkúlùkù wọn ń náwó sórí iyanrìn, tí òkun sì ń kó iyanrìn náà lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ògiri yìí, nítorí pé ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ fún olùkọ̀wé pọ̀ ju bí ó ṣe hàn lójú lọ. Kò sí ìkà kankan nínú ìtàn náà. Àwọn tó kọ́ ògiri fẹ́ èbúté, wọ́n sì rí i. Èrè iṣẹ́ wọn bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, gbèsè rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ̀gbẹ́ tó gba gbèsè náà kò sì sí níbi ìpàdé tí wọ́n ti pinnu. Púpọ̀ nínú wọn kò tíì dé ayé. Bí ẹ bá lè sọ nínú ìtàn tiyín ẹni tó ń gbé ní apá ìwọ̀ oòrùn ògiri, ẹni tó ń gbé ní apá ìlà oòrùn rẹ̀, àti ọjọ́ tí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ mọ̀ pé ògiri kan náà ló ń fún ọ̀kan ní ilẹ̀ tó ń gba ti èkejì, ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Irú rẹ̀ wà káàkiri etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ìdídò Akosombo tí wọ́n parí ní orílẹ̀-èdè Gánà ní ọdún 1965 láti fi pèsè iná mọ̀nàmọ́ná dá iyanrìn tí odò Volta máa ń gbé wá sínú òkun dúró, èbúté Lomé tún dí òmíràn lọ́nà, òkun sì wó ilé ní Aného ní Tógò, ó sì jẹ ilẹ̀ Grand-Popo ní orílẹ̀-èdè Bìnì. Ẹni kan tan gílóòbù sí yàrá rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kan, ilé apẹja tí kò mọ̀ rí wó lulẹ̀ ní òmíràn.

Ẹ mọ bí omi ṣe ń ṣe kí ẹ tó dà á sórí ìlú

Òkun ń ga nítorí pé omi tó bá gbóná máa ń fẹ̀, àti nítorí pé yìnyín orí ilẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ tútù ń yọ́ sínú rẹ̀. Kò ní ga tó òrùlé ilé alájà ogún ní ọdún 2070. Mìlímítà mélòó kan ló ń fi kún gíga rẹ̀ lọ́dún, bí ó sì ti kéré tó, ó tó láti jẹ́ kí ìgbì tó ń dúró lẹ́yìn ilé tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ yàrá, ó sì tó láti jẹ́ kí iyọ̀ gba abẹ́ ilẹ̀ wọ inú kànga. Olùkọ̀wé tí kò mọ èyí yóò pa ìlú rẹ̀ lójú ọjọ́ kan ṣoṣo, yóò sì pàdánù ohun tó dùn jù lọ láti kọ, ìyẹn ọdún gbọọrọ tí omi fi ń wọlé díẹ̀díẹ̀, tí onílé ń fi bíríkì gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sókè, tí ó sì ń sọ fún àwọn ọmọ pé yóò fà.

Mo ti ka ìtàn kan rí tí òkun ti bo Ìbàdàn. Bí gbogbo yìnyín ayé bá tilẹ̀ yọ́ pátápátá, omi òkun kò ní fi púpọ̀ ga ju àádọ́rin mítà lọ, Ìbàdàn sì lé ní igba mítà sókè òkun. Ohun tí òkun lè ṣe fún Ìbàdàn burú ju kí ó bò ó lọ: ó lè lé Èkó wá bá a. Ẹ ro ìlú tó ń dá ilẹ̀ tà fún àwọn tí omi lé kúrò nílé, ẹ ro ọmọ onílẹ̀ tó dúró sí Tóògéètì pẹ̀lú ìwé owó, ẹ ro ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí oríkì ìdílé rẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀ omi, tó wá di ayálégbé ní àárín òkè. Ojú ìwé mẹ́wàá tó dá lórí ìyẹn sàn ju igba tó dá lórí ìgbì gíga.

Omi nìkan kò tó

Àwọn baba ńlá wa ti mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́. Nínú àlọ́ Ìjàpá àti kànga, ọ̀dá dá, odò gbẹ, gbogbo ẹranko pàdé, wọ́n sì fẹnu kò láti gbẹ́ kànga. Ìjàpá kọ̀, kò bá wọn gbẹ́ ẹ. Nígbà tí omi dé, ó gbé ìlù lọ síbẹ̀, ó fi ìró rẹ̀ dẹ́rù ba àwọn tó gbẹ́ kànga títí wọ́n fi sá, ó sì pọn omi rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí àtè tó wá mú un. Ọ̀dá ló ṣí àlọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀dá gba ìwọ̀nba gbólóhùn nínú rẹ̀. Gbogbo ìyókù dá lórí ẹni tó ṣiṣẹ́, ẹni tó mu omi, àti ẹ̀rù tí ẹni kan fi lé àwọn yòókù kúrò níbi ohun tó jẹ́ tiwọn. Ìkún omi fúnra rẹ̀ jẹ́ àjálù. Ó di ayé tó dojú rú nígbà tí òfin, owó àti ẹ̀rù bá gun orí rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Màrókò, àdúgbò tálákà kan ní Èkó, jẹ́ àpẹẹrẹ tí mi ò lè gbàgbé. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn ará Màrókò ní ọjọ́ méje, lẹ́yìn náà wọ́n wó àdúgbò náà. Iye àwọn tí wọ́n lé jáde tó nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn 300,000 ènìyàn. Ara ìdí tí wọ́n sọ ni pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ sí òkun, pé omi lè gbà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da iyanrìn sí ilẹ̀ ibẹ̀, tí ilé olówó sì dúró síbi tí ilé tálákà ti wó. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ àyíká ṣe di ohun èlò lọ́wọ́ aláṣẹ. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀. Òótọ́ yẹn ni wọ́n fi lé ènìyàn, òótọ́ kan náà kò sì dí ẹni tó lówó iyanrìn lọ́wọ́. Láàárín ọdún 2016 sí 2017, irú ìléjáde bẹ́ẹ̀ tún dé bá Ọ̀tọ́dò Gbàmẹ̀, níbi tí àwọn Ègùn tó lé ní 30,000 ti pàdánù ilé wọn létí ọ̀sà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012 sì rèé, ìgbì gbá àwọn ènìyàn lọ ní etíkun Kúrámò, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jiyàn bóyá ilẹ̀ tuntun tí wọ́n ń fi iyanrìn kọ́ sínú òkun nítòsí, èyí tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic, wà lára ohun tó fà á tàbí kò sí. Àwọn tó ń kọ́ ọ ní ògiri òkun wọn yóò dáàbò bo Victoria Island. Olùkọ̀wé kò ní láti dá ẹjọ́ náà kí ó tó lò ó. Iyàn náà gan-an ni ohun èlò, nítorí pé nínú ayé tó dojú rú, àwọn tó sún mọ́ ògiri àti àwọn tó jìnnà sí i kì í rí ohun kan náà nígbà tí wọ́n bá wò ó.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ orí kìíní, ẹ kọ òfin ayé yín sórí ìwé kan. Ta ló ní ẹ̀tọ́ láti sùn sórí ilẹ̀ tó ga? Ìwé wo ni wọ́n ń béèrè, ta ló sì ń tà á? Èló ni kẹ́ẹ̀gì omi kan? Ẹ má ṣe fo jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ. Mẹ́ruwà tó ń ti ọmọlanke lónìí ń ta omi fún tálákà ní iye tó ju èyí tí ẹni tó ní ẹ̀rọ omi nílé ń san lọ. Ẹ sún un síwájú ní ẹsẹ̀ kan péré: omi náà ní nọ́ńbà, nọ́ńbà náà wà lórí fóònù, fóònù náà sì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó kọ́ ògiri. Òǹkàwé yóò gbà á gbọ́ nítorí pé ó ti san irú owó bẹ́ẹ̀ rí. Ní ti olórí ìkà tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ fi í sílẹ̀. Akọ̀wé jẹ́jẹ́ tó ń fi sítáǹbù lu ìwé, tó ń béèrè àlàáfíà ìyá yín bí ó ti ń kọ orúkọ yín kúrò nínú àkọsílẹ̀, ń bani lẹ́rù jù ú lọ.

Ohun tó bàjẹ́ gbọ́dọ̀ ti dára rí

Ní etíkun Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó òde òní, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Àyétòrò. Àwọn Kristẹni kan láàárín àwọn Ìlàjẹ, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́, ló tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1947. Wọ́n sọ gbogbo ohun ìní di ti gbogbo ènìyàn. Ẹja tí wọ́n pa, owó tí wọ́n rí àti èrè iṣẹ́ ọwọ́ wọn, inú àpò kan ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, láti inú àpò náà sì ni gbogbo ilé ti ń jẹ. Wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n hun aṣọ, wọ́n sì tan iná mọ̀nàmọ́ná tiwọn ní àsìkò tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá nílẹ̀ Yorùbá ṣì ń lo àtùpà. Àwọn onímọ̀ wá láti òkè òkun láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nígbà tó yá, ètò àpò kan náà tú ká, ìlú sì ń bá ayé rẹ̀ lọ. Lónìí, òkun ti gbé ilé, òpópónà, ilé ẹ̀kọ́ àti ibojì lọ nínú Àyétòrò. Láti ọdún 2004 ni iṣẹ́ ìdènà òkun ti wà lórí ìwé fún wọn. Omi ṣì ń wọlé.

Nínú gbogbo etíkun wa, ìlú yìí ló ń dùn mí jù. Àwọn olùkọ̀wé ń wá ayé tó dára pátá láti fi ṣe òdìkejì ayé tó burú, wọ́n ń lọ wá a nínú ojú òfurufú, nígbà tí àwọn apẹja kan ti fi ọwọ́ ara wọn gbìyànjú rẹ̀ lórí ẹrẹ̀, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ tó bá a mu. Bí ẹ bá ń kọ ìtàn ìlú tí omi ń gbé lọ, ẹ jẹ́ kí òǹkàwé kọ́kọ́ rí ohun kan tí àwọn ará ibẹ̀ ṣe dáadáa, ohun tí kì í ṣe ẹwà ìwọ̀ oòrùn lórí omi nìkan. Ó lè jẹ́ àpò kan náà yẹn. Nígbà tí òkun bá lé wọn dé ilẹ̀ àjèjì, ta ni yóò gbé àpò náà? Ǹjẹ́ wọn yóò ṣí i fún àwọn tí kì í ṣe ará ìlú wọn? Ta ni yóò kọ́kọ́ fi owó pamọ́? Orí ìbéèrè wọ̀nyí ni ìtàn yóò dúró lé, òkun yóò kàn máa tì í lẹ́yìn.

Ẹ ka ọdún sórí àwọn ẹ̀dá ìtàn yín

Bí ìtàn bá ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2070, ìyá tó jẹ́ ẹni ọgọ́rin ọdún nínú rẹ̀ ni wọ́n bí ní ọdún 1990. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà nígbà tí wọ́n ń sá jáde ní Màrókò. Ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí ní 2012 yóò jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Yóò rántí etíkun tí a ń jókòó sí láti jẹ ẹja yíyan. Ọmọ ọmọ tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́wàá kò mọ nǹkan kan yàtọ̀ sí omi. Ẹ ṣe ìṣirò yìí fún ẹnikẹ́ni tó bá sọ̀rọ̀ nínú ìtàn yín, nítorí pé ibẹ̀ ni aáwọ̀ ti ń jáde. Ìyá àgbà ń ṣọ̀fọ̀, ọmọ ń bínú, ọmọ ọmọ sì ń ṣeré. Ọmọ ọdún mẹ́wàá náà kò mọ̀ pé ayé òun dojú rú. Ó ní ọ̀rẹ́, ó mọ ojú ibi tí kò jìn, ó mọ ọjọ́ tí ọkọ̀ omi ń dé. Tí ẹ bá fi ìbànújẹ́ ìyá àgbà sí ẹnu rẹ̀, ẹ ti pa á.

Ẹnu ni a ti ń mọ̀ pé ayé ti yí

Èdè Yorùbá fún wa ní ọ̀nà tó ju kí a máa ṣàpèjúwe ìparun lọ. Nígbà tí odò Ògùnpa kún ní Ìbàdàn ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn nítorí pé ìdọ̀tí àti ilé ti dí ọ̀nà rẹ̀, àwọn ará ìlú kò pè é ní ìkún omi ọdún 1980. Omíyalé ni wọ́n pè é, àwọn ìyá sì ń fi í ka ọjọ́ orí ọmọ. Ẹ sọ àjálù inú ìtàn yín ní orúkọ lọ́nà bẹ́ẹ̀, láti ara ohun tó ṣe sí ènìyàn.

Ẹ wo òwe pẹ̀lú. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Kí ni òwe yìí yóò di lẹ́nu ẹni tí a bí síbi tí onílé ti gbà fún un? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lè pa á dájì kí ó sì dákẹ́, àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ yóò sì mọ ìdí tí kò fi parí rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ń fi òjò àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò mọ ìgbà tí yóò gbin àgbàdo ńkọ́, nígbà tí àkọ́rọ̀ kò bá dé mọ́, tí ọ̀rọ̀ náà sì di orúkọ ọmọdébìnrin kan lásán? Oúnjẹ náà ń sọ̀rọ̀. Gbágùúdá ni wọ́n fi ń ṣe púpurú ní ilẹ̀ Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀, gbágùúdá kò sì fẹ́ iyọ̀ nínú ilẹ̀. Nínú ìtàn yín, púpurú lè ti di oúnjẹ ìgbéyàwó olówó, tí ìyá kan sì ń fi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kọ́ ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo.

Ní ti ẹ̀sìn, ẹ ṣọ́ra, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sá fún un. Ẹ̀dá ìtàn lè sọ pé Olókun ló ń bínú, tàbí pé ìwé Ìfihàn ló ń ṣẹ, nítorí pé báyìí ni àwọn ènìyàn wa ń sọ̀rọ̀ ní tòótọ́. Ìtàn fúnra rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ẹ jẹ́ ká rí ẹni tó ń jèrè nígbà tí gbogbo ìlú bá ń dá Ọlọ́run lẹ́bi. Odò Ọ̀ṣun lè kọ́ wa ní èyí. Omi rẹ̀ ti dàrú di ẹrẹ̀ nítorí wíwa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, débi pé ní ọdún 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá sí ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má ṣe mu ún. Àwọn olùfọkànsìn Ọ̀ṣun sì wà ní Brazil àti Cuba tí wọ́n ń rìnrìn àjò wá sí Òṣogbo. Obìnrin kan láti Bahia ní Brazil tó fi owó ọdún mẹ́wàá wá pọn omi ìyá rẹ̀, tí wọ́n sọ fún un létí odò pé májèlé lè wà nínú rẹ̀, tí ó sì ní láti pinnu ohun tí yóò gbé padà sílé: bí mo bá ní àkókò, èmi gan-an ni ì bá kọ ọ́.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìkéde àti ìṣẹ̀lẹ̀

Ẹ ka èyí: Omi ti bo Èkó. Ìyà ń jẹ àwọn ará ìlú, ìjọba kò bìkítà, iyọ̀ sì ti ba gbogbo kànga jẹ́ nítorí àyípadà ojú ọjọ́.

Ẹ wá ka èyí:

Kí àwọn ayẹ̀wéwò tó dé ní ìdájí, Ìyá Àgbà ti gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ti fi èyí kẹrin pamọ́ sábẹ́ àwọ̀n. Àjọkẹ́ jókòó sórí pákó, ó fi ẹsẹ̀ sínú omi, ó ń wò ó. Ó ní, “Ìyá Àgbà, ṣé lóòótọ́ ni pé inú ilẹ̀ lẹ ti máa ń pọn omi?” Ìyá Àgbà ń so okùn mọ́ ọrùn kẹ́ẹ̀gì kejì. Ó ní, “A ó pọn ọ́n, a ó mu ún, a ó sì da ìyókù sí ìdí igi.” Àjọkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó rò pé àlọ́ ni, ó ń retí orin rẹ̀.

Kò sí ọ̀rọ̀ nípa àyípadà ojú ọjọ́ nínú èkejì, kò sì sí ẹni tó sọ pé ìjọba burú. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé wọ́n ń ka omi, pé wọ́n ń yẹ ilé wò, pé ìyá náà ń rú òfin, àti pé ohun tó ti sọnù ti jìnnà débi tí ó fi di àlọ́. Mo tún gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà kí n tó yọ ọ̀rọ̀ ẹkún kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá ti kọ ìpele kan tán, ẹ wá gbogbo ibi tí ẹ̀dá ìtàn ti ń ṣàlàyé ayé rẹ̀ fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì fi ohun tí ọwọ́ ń ṣe rọ́pò rẹ̀.

Ní ti ìrètí

Òǹkàwé yóò béèrè ìrètí, ó sì tọ́ sí i. Èyí tí kò tọ́ ni kí ẹ̀rọ kan tàbí akọni kan wá tún gbogbo rẹ̀ ṣe ní ojú ìwé tó kẹ́yìn. Ní ọdún 2013, wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ onígi kan tó ń léfòó lórí omi ní Mákòókò, àdúgbò orí omi ní Èkó, èyí tí ayàwòrán ilé Kúnlé Adéyẹmí yà, tí àgbá oníke gbé dúró. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, ìjì òjò wó o lulẹ̀. Kò pa ọmọ kankan, nítorí pé wọ́n ti kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ ṣáájú. Ní ọdún yẹn kan náà, irú rẹ̀ kejì ń léfòó ní Venice ní ilẹ̀ Ítálì, níbi tó ti gba ẹ̀bùn níwájú gbogbo ayé. Ẹni tó bá lè kọ ìrètí tó rí bẹ́ẹ̀, tó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, tó wó, tí ìmọ̀ bí a ṣe kàn án sì kù sọ́wọ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń gbé àdúgbò náà, kò ní tan òǹkàwé jẹ. Ẹ jẹ́ kí a rí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà náà lọ́jọ́ kejì tí ilé wó, bí wọ́n ṣe ń ṣa pákó tó ṣì dára.

Nígbà tí iṣẹ́ bá ti pé lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń gbé létí omi, apẹja tàbí ẹni tó ń yan ẹja, kí ẹ sì kà á sí i létí, ẹ má ṣe fún un ní ìwé kí ẹ máa lọ. Ẹ máa wo ojú rẹ̀. Ibi tó bá ti dá yín dúró láti sọ pé omi kì í gba ibẹ̀ wọlé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tó máa ń gbà.